Táyà Tó Jìnnà sí Awakọ̀: Ẹ̀rọ Kékeré Tó Ń Ṣọ́ Ọkọ̀-Ilé àti Mọ́tò Tó Ń Fà

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má tíì sá lọ! Mo mọ̀ pé táyà kì í dùn létí bíi rọ́kẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ohun tí táyà kan ṣoṣo kọ́ mi nípa ooru àti afẹ́fẹ́ lójú títì Texas, n ò rí i kọ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe físíìsì nílé ìwé.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Houston. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀-ilé alòkù kan, wọ́n wá ní ká jọ gbé e lọ sí Colorado ní oṣù Keje. Ọkọ̀-ilé ni mo pe ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní motorhome tàbí RV: ọkọ̀ gìrìwò bíi bọ́ọ̀sì, tí bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fíríìjì àti ilé ìwẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ ó máa sùn nínú ẹ̀, ẹ ó máa sè nínú ẹ̀, ẹ ó sì máa rìn kiri. Àmọ́ ta ló fẹ́ fi odindi ilé wọ ọjà lọ ra tòmátì? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi máa ń so mọ́tò kékeré mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́tò yẹn á wà nílẹ̀, á máa yí, á máa tẹ̀ lé ọkọ̀ ńlá bí ọmọ ewúrẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé ìyá ẹ̀. Tí wọ́n bá débi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á tú u, wọ́n á sì máa fi òun jáde.

Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi gùn tó mítà mẹ́wàá, mọ́tò ẹ̀yìn tún fi mítà mẹ́rin àti ààbọ̀ lé e. Táyà mẹ́wàá ló wà nílẹ̀: méjì níwájú ọkọ̀-ilé, mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ (méjì-méjì ni wọ́n so pọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan), àti mẹ́rin ti mọ́tò kékeré.

A ti kọjá Wichita Falls, a forí lé Amarillo lórí títì US 287. Oòrùn mú gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ń wakọ̀, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ọmọ wọn méjèèjì ti sùn lọ lẹ́yìn. Ọkọ̀ ń lọ geere. Kò gbọ̀n, kò fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò dún. Àfi bí tírélà kan ṣe dé ẹ̀gbẹ́ wa, tó ń fọn fèrè, tó ń tan iná. Awakọ̀ ẹ̀ ń tọ́ka sí ẹ̀yìn wa ṣáá.

“Kí ló ń ṣe eléyìí?” Ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná.”

Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún mọ́tò tá à ń fà ti di àkísà. Rọ́bà tó kù lára ẹ̀ ò ju ìwọ̀nba, wíìlì fúnra ẹ̀ ló ń họ títì. Àwọn wáyà irin tó ń wà nínú táyà ti na ara mọ́tò ya, wọ́n ti fa páìpù bíréèkì ẹ̀yìn tẹ́ẹ́rẹ́. Èéfín ń rú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì: koríko gbígbẹ nìkan ni, tó lọ títí tí ojú ò fi tó o mọ́. Omi mímu tá a rà sílẹ̀ la dà lé wíìlì yẹn, jálá lórí jálá, ẹ̀gbọ́n mi sì ti sáré lọ jí àwọn ọmọ kí wọ́n tètè sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ara wa balẹ̀, ìbéèrè kan ò kúrò lọ́kàn mi. Báwo la ṣe rìn tó kí tírélà yẹn tó rí wa? Kìlómítà márùn-ún ni àbí ogún? Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé mọ́tò kékeré yẹn ní iná tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ tí táyà bá rẹlẹ̀. Inú dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ni iná ọ̀hún wà. Ta ló wà níbẹ̀ tó máa rí i? A ti pa mọ́tò, a ti ti ìlẹ̀kùn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀.

Ìdí tí a ò fi mọ nǹkan kan lára ò ṣòro. Nígbà tá a gbé ọkọ̀-ilé yẹn sórí òṣùwọ̀n àwọn tírélà lẹ́yìn náà, ó lé díẹ̀ ní kílò 9,500. Mọ́tò kékeré jẹ́ nǹkan bíi 1,500. Tí táyà bá jò lára mọ́tò tó o jókòó sí, sítíárìn á fà, ìdí rẹ á gbọ̀n, wàá gbọ́ gbàm-gbàm. Àmọ́ tó bá jẹ́ mítà mẹ́tàlá sẹ́yìn rẹ ló ti jò, lára nǹkan tí ìwúwo ẹ̀ ò tó ìdá mẹ́fà ìwúwo ohun tó ń fà á, ẹ́ńjìnnì ò ní mọ̀, sítíárìn ò ní mọ̀, ìwọ náà ò ní mọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe tóbi tó ni awakọ̀ ẹ̀ ṣe ń jìnnà sí táyà tó máa dá a lóró.

Táyà tí wọ́n so méjì-méjì pọ̀ tún ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tiẹ̀. Tí èyí tó wà nínú bá jò, èyí tó wà lóde á gba gbogbo ẹrù rù. Ọkọ̀ ò ní fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ ẹ bá dúró síta tẹ́ ẹ wò ó, ó dára. Àmọ́ táyà kan ló ń ru ẹrù méjì yẹn, èyí tó jò sì ń lọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń gbóná pọ̀. Àwọn awakọ̀ tírélà máa ń fi igi lu táyà láti gbọ́ ohùn ẹ̀. Ìyẹn dáa, ó máa ń mú èyí tó ti jò tán. Kò lè sọ fún ọ pé èyí tó yẹ kó wà ní 82 ti di 68.

Ooru ló ń pa táyà, òun gan-an ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Ẹ mú wáyà tí wọ́n fi ń di irin lórí ilé tí wọ́n ń kọ́, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá-sẹ́yìn lójú kan náà. Kó tó já, ẹ fọwọ́ kan ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó gbóná, àbí? Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, ibi tó kan ilẹ̀ á tẹ̀ wọlé, á tún na padà. Rọ́bà kì í dá gbogbo agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ padà, ìyókù á di ooru. Tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ bá tó, ìtẹ̀sí yẹn kéré, ooru á sì máa rí ọ̀nà jáde. Tí afẹ́fẹ́ ò bá tó, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ gan-an, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ooru tó ń wọlé á wá pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ. Gọ́ọ̀mù tó so rọ́bà mọ́ wáyà irin inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ojú táyà á bó. Ìró “gbàà!” tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn, ìparí ọ̀rọ̀ ni. Iṣẹ́ ibi náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà náà fojú rí i kí wọ́n tó gbà. Lọ́dún 2000, ariwo táyà Firestone tó wà lára ọkọ̀ Ford Explorer gba gbogbo ìlú. Ojú táyà ń bó lórí eré, ọkọ̀ ń gbókìtì. Àwọn tí wọ́n ka ikú wọn mọ́ ọ̀ràn yẹn lé ní 200. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ilé iṣẹ́ náà ní kí wọ́n dá táyà tó tó mílíọ̀nù 6.5 padà. Ẹjọ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì náà kan ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́: Ford ti ní kí wọ́n fẹ́ táyà yẹn sí 26 psi, Firestone wá ní 30 ló yẹ. (Psi ni nọ́ńbà tí fọkanáísà ń wò lórí géèjì.) Ní oṣù Kọkànlá, Ààrẹ Bill Clinton buwọ́ lu òfin kan tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ TREAD Act, tó ní kí mọ́tò tuntun máa sọ fún awakọ̀ tí táyà ẹ̀ bá rẹlẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, kò sí mọ́tò kékeré tuntun tí wọ́n máa ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà tí kò ní ní in.

Mọ́tò kékeré ni mo wí o. Òfin yẹn kan ọkọ̀ tí ìwúwo ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí wọ́n gbà á láyè láti gbé ò bá ju páùn 10,000 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílò 4,536, tí kò sì ní táyà méjì-méjì lójú kan. Ọkọ̀-ilé ńlá ò sí níbẹ̀. Tírélà tí wọ́n ń fà ò sí níbẹ̀. Àwọn tó nílò ẹ̀ jù lọ gan-an ni òfin fò dá. Àní fún mọ́tò kékeré, ohun tí òfin béèrè ni pé kí iná tàn láàárín 20 ìṣẹ́jú tí afẹ́fẹ́ bá ti fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí iye tó yẹ. Tẹ́ ẹ bá fi èyí lé táyà ọkọ̀-ilé wa tó yẹ kó wà ní 82, ó máa di 61 àti ààbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lábẹ́ ẹrù tó pọ̀ tó yẹn, ní oṣù Keje, lójú tèmi, ìkìlọ̀ yẹn ti pẹ́ jù.

Torí náà, ẹni tó bá ní ọkọ̀-ilé máa fọwọ́ ara ẹ̀ ra tiẹ̀ ni. TPMS ni orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà.

Oríṣi méjì ló wà tẹ́ ẹ bá wo mọ́tò káàkiri. Àwọn kan ò wọn afẹ́fẹ́ rárá. Wọ́n kàn ń fi ẹ̀rọ tó ń ka ìyípo wíìlì fún bíréèkì ABS wò ó: táyà tó bá rẹlẹ̀ máa ń kéré díẹ̀, torí náà á yára yí ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ó mọ́gbọ́n dání, àmọ́ kò lè sọ iye fún ọ. Oríṣi kejì ni èyí tí mò ń sọ, tí sensọ̀ máa ń wà lára táyà kọ̀ọ̀kan. Nínú sensọ̀ yẹn, awọ sílíkọ́nì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì í ló ń tẹ̀, bó ṣe ń tẹ̀ ni ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá lára ẹ̀ ń yí padà. Kọ̀ǹpútà tíńtín á sọ ìyẹn di nọ́ńbà, á wá fi rédíò rán an jáde. Ti inú ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ lórí 315 MHz, ti Yúróòpù lórí 433.92. Sensọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiẹ̀. Ká ní kò ní ni, tẹ́ ẹ bá dúró níná dáńgbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ míì, táyà oníyẹn á máa pariwo nínú ọkọ̀ tiyín.

Èyí tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀-ilé ò nílò kí wọ́n tú táyà. Ẹ ó yọ ọmọrí fáàfù, ẹ ó dè sensọ̀ yẹn síbẹ̀ dípò ẹ̀, ó tán. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi ti aago ló ń lò. Ojú ìwò kékeré kan á wà níwájú awakọ̀, tó ń fi táyà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hàn pẹ̀lú afẹ́fẹ́ àti ooru wọn. Ìṣòro kan ni pé bátìrì pẹlẹbẹ ò lè pariwo gba mítà mẹ́rìnlá kọjá, pàápàá tí ẹ́ńjìnnì, irin àti táǹkì omi bá wà lọ́nà. Wọ́n máa ń ta ẹ̀rọ kejì pẹ̀lú ẹ̀ tó ń gbọ́ sensọ̀ tó jìnnà, tó ń tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ sókè, bí agbọ̀rọ̀sọ ọba. Ripítà ni wọ́n ń pè é. A so tiwa mọ́ ìdí ọkọ̀-ilé, lára wáyà 12 fóltì tó ń lọ sí iná ẹ̀yìn. Kó tó débẹ̀, táyà mọ́tò kékeré máa ń hàn lójú ìwò, á tún pòórá. Ìgbà tó bá pòórá yẹn lewu jù, torí ojú á ti fẹ́ẹ́ mọ́ ọn lára.

Fáàfù ńkọ́? Ẹ má fi sensọ̀ sórí fáàfù onírọ́bà lásán tí ó ti gbó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Lórí eré 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan, wíìlì mọ́tò kékeré ń yí tó ìgbà mẹ́tàlá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Níbi tí fáàfù wà, nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà sí àárín wíìlì, agbára tó ń fa nǹkan síta á tó ìlọ́po 140 ìwúwo ẹ̀. Sensọ̀ gíráàmù 12 á máa fa fáàfù yẹn bíi nǹkan tó wúwo ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ, ní gbogbo ọ̀nà. Rọ́bà á ya lọ́jọ́ kan, ohun tẹ́ ẹ rà pé kó máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ á sì di ohun tó tú u jáde. Fáàfù onírin ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò.

Ẹ ó tún sọ fún ẹ̀rọ náà iye tó yẹ kí táyà kọ̀ọ̀kan ní nígbà tó bá tutù, ìyẹn láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Iye tí wọ́n kọ sára táyà kọ́ o. Ìyẹn ń sọ nípa ẹrù tó pọ̀ jù tí táyà yẹn lè gbé. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wà lára bébà kan nítòsí ìjókòó awakọ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú gbogbo ẹrù yín, omi, ìrẹsì, ọmọ àti ìyàwó, kẹ́ ẹ wá wo tábìlì tí ilé iṣẹ́ táyà ṣe. Tiwa jẹ́ 82 fún ọkọ̀-ilé, 35 fún mọ́tò kékeré. A ní kó pariwo tí ti ọkọ̀-ilé bá dé 72, tàbí tí ti mọ́tò bá dé 30. Lókè, a fi ìdá 25 kún un. Ti ooru, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣètò sí 70 Celsius láti ilé iṣẹ́, a ò fọwọ́ kàn án.

Ìyẹn ló gbé wa dé ìrìn àjò kejì, ní oṣù Kẹwàá. A sùn ní Amarillo, ó tutù láàárọ̀, 10 Celsius. Gbogbo táyà ọkọ̀-ilé wà ní 82 gẹ́lẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ojú ìwò ti ń kọ 94. Ẹ̀gbọ́n mi fòyà.

“Yà sílé epo yẹn, ká tú díẹ̀ dànù kó tó bẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́!”

Èmi ni mo wà nídìí sítíárìn lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, ẹ má tú nǹkan kan o.”

Ẹ wo ìdí ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ohun tí kì í fẹ̀ sí i, bó ṣe ń gbóná ló ń ti ara ẹ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣírò ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ka ooru láti ibi tí ooru ti tán pátápátá, ìyẹn kẹ́ ẹ fi 273 kún Celsius. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fi 14.7 kún ohun tí géèjì kọ, torí géèjì kì í ka afẹ́fẹ́ ayé tó ti wà níta tẹ́lẹ̀. Torí náà, 82 di 96.7. Láàárọ̀, 10 Celsius jẹ́ 283. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ inú táyà ti dé nǹkan bíi 45, ìyẹn 318. Ẹ fi 318 pín sí 283, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 96.7, ó di 108.7. Ẹ yọ 14.7 kúrò: 94. Ohun tí ojú ìwò kọ gan-an nìyẹn. Kò sí nǹkan tó ṣe táyà yẹn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé á gbóná, iye àárọ̀ ni wọ́n fi ṣètò ẹ̀.

Ká ní a ti gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ká tú u sí 82 nínú oòrùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ooru bá padà sí 10, ìṣírò kan náà á gbé e wá sí 71. A ti fọwọ́ ara wa sọ táyà tó pé di táyà tó rẹlẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá gbé e gun òkè. Mo fi ìṣírò yẹn han ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù níbi tá a ti jẹun. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, “Ṣé ohun tí wọ́n fi owó ilé ìwé ẹ kọ́ ẹ nìyí?” Mo gbà pé ìyìn ni.

Òkè náà tún ní tiẹ̀. Ọ̀nà Raton Pass, níbi tí New Mexico ti bá Colorado pààlà, ga ju mítà 2,300 lọ. Afẹ́fẹ́ ayé níbẹ̀ fúyẹ́, torí náà tí táyà bá tutù bó ṣe tutù nísàlẹ̀, géèjì ọwọ́ á kọ iye tó fi nǹkan bíi 3 tàbí 4 psi ju ti Houston lọ. Ìyẹn náà kì í ṣe àrùn.

Ẹ̀rọ yìí láwọn nǹkan tí ò lè rí, kẹ́ni kankan má tàn yín. Ooru tó ń kọ kì í ṣe ti inú rọ́bà táyà níbi tó ti ń gbóná jù, ti ìdí fáàfù ni, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ. Tí ó bá kọ 45, inú táyà lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ má fi ṣe ìdájọ́ táyà, ẹ fi ṣe àfiwé. Tí wíìlì kan bá fi 20 Celsius gbóná ju ẹnì kejì ẹ̀ lọ, tí afẹ́fẹ́ wọn sì dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí bíréèkì ibẹ̀ máa mú tàbí kí bíárìn máa kú lọ. Ẹ̀rọ náà ò sì mọ ọjọ́ orí. Táyà tó ti gbó lè ní 82 pé pérépéré títí di ìṣẹ́jú tí ojú ẹ̀ máa bó. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn kóòdù DOT lára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọkọ̀-ilé máa ń dúró sójú kan lóṣù mélòó kan lọ́dún, ojú táyà ẹ̀ á ṣì nípọn nígbà tí rọ́bà inú ẹ̀ ti gbẹ. Táyà tó bẹ́ ní oṣù Keje yẹn, nígbà tá a wo kóòdù ẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ló ti lò. Ẹni tó ta mọ́tò fún ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀, àwa náà ò béèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ẹ ń rò pé kí ló kàn yín nínú ọkọ̀-ilé àwọn òyìnbó: ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, tó jẹ́ ti 2008 sókè, ló ní sensọ̀ yìí nínú wíìlì. Iná òféèfèé tó dà bí ẹsẹ̀ ẹṣin, tó ní àmì ìyanu láàárín, òun nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sáná sí mọ́tò tó kàn tàn tó dúró, ẹ lọ wọn afẹ́fẹ́, táyà kan ti rẹlẹ̀. Tó bá ń ṣẹ́jú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kó tó dúró, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ń ṣàìsàn, bátìrì sensọ̀ kan sì lè ti kú, torí ó ti lò tó ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi téèpù bo iná yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra òmíì, ẹ béèrè 315 tàbí 433 kẹ́ ẹ tó sanwó, torí méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn. Kẹ́ ẹ tún tètè sọ fún fọkanáísà pé sensọ̀ wà nídìí fáàfù kó tó ki irin bọ̀ ọ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi irin kan ṣoṣo dá sí méjì, ọ̀gá náà ò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń dè sórí fáàfù náà lè ṣiṣẹ́ lára mọ́tò èyíkéyìí, àmọ́ ẹ ra èyí tó ní nọ́ọ̀tì ìtìpa. Ẹ mọ ìdí.

Ẹ jẹ́ n padà sójú títì. Lọ́jọ́ oṣù Kẹwàá yẹn kan náà, a ti kọjá Dalhart, a ti wọ New Mexico, Clayton ò jìnnà mọ́. Mo ń yọjú wo ojú ìwò lóòrèkóòrè. Táyà mẹ́ta mọ́tò kékeré wà ní 39, bó ṣe yẹ kí wọ́n gòkè láti 35. Ẹ̀yìn lápá òsì wà ní 36. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, 34. Kò tíì dé 30 tá a ní kó pariwo, ẹ̀rọ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àmọ́ táyà tó ń gbóná tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ò bá ìṣírò mu. Àwọn yòókù ń gòkè, òun ń sọ̀.

Mo yà sílé epo ní Clayton. Ìdè kan bí ìka ọmọdé ló gún ojú táyà yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń dún ṣíì díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé etí sún mọ́ ọn. Táyà náà gbóná, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò tíì ṣe nǹkan kan. Ọkùnrin kan níbẹ̀ yọ ìdè náà, ó tú táyà, ó lẹ̀ ẹ́ láti inú, ó fẹ́ ẹ padà. Kò gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ jí.